Láfún kò gbọdọ̀ sùn lórí àpáta

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́. Lọ́dọọdún tí ọyẹ́ bá ti dé ni à ń gbọ́ ìkéde pé kí á pa eku nítorí ibà Lassa, ṣùgbọ́n n kò tí ì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè pé eku wo ló ń gbé ibo nínú ìlú olókùúta bí Abẹ́òkúta yìí.

Ìtòkò ni mo ń gbé, àpáta sì wà lẹ́yìnkùlé wa. Nígbà tí mo wà ní kékeré, igbó ló bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì máa ń rí òkété, ẹmọ́, àgó àti asín níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú ibùgbé tirẹ̀. Lónìí, wọ́n ti ṣán igbó náà, wọ́n ti dáná sun ún, ilé àti ààtàn ti gùn ún dé agbedeméjì, èkúté nìkan ló sì kù tí mo ń rí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Eku tó ń gbé kòkòrò ibà Lassa kiri, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mastomys natalensis, tí ọmú abo rẹ̀ lè tó 24, kì í ṣe eku inú igbó kìjikìji; oko, pápá àti inú ilé wa ló fẹ́ràn. Bí a bá lé àwọn eku yòókù kúrò níbùgbé wọn, irú èyí tó lè bá ènìyàn gbé, tó sì ń bímọ bí ọ̀wàrà òjò, ni yóò jogún ibẹ̀.

Ibi tí eku ń gbé ṣe pàtàkì gan-an. Ní Madagascar, eku wà ní etíkun, ó wà lórí òkè, síbẹ̀ ilẹ̀ gíga àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà, tó ga ju 800 mítà lọ, ni plague, àìsàn tí kòkòrò amùjẹ̀ ara eku ń kó ran ènìyàn, ti fìdí múlẹ̀ jù. Àpáta tiwa kò ga tó bẹ́ẹ̀, Olúmọ pàápàá kò ju 137 mítà lọ, ṣùgbọ́n ihò òkúta, koríko, etí odò àti ààtàn kò jìnnà síra wọn níbí.

Lọ́yẹ́ tó kọjá, mo tan tọ́ọ̀ṣì lóru sí orí àpáta níbi tí aládùúgbò wa sá láfún sí. Èkúté mẹ́ta ń sáré lórí rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó, ó ń fi ọwọ́ lásán ṣa ìgbẹ́ eku dúdú wínníwínní kúrò láàrin láfún funfun tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí ọjà Kútọ̀. Ìgbẹ́ ṣeé ṣà, ìtọ̀ kò ṣeé ṣà, inú méjèèjì sì ni kòkòrò náà máa ń wà. Omi híhó tí a fi ń ro láfún lè pa á. Ẹni tó ń ṣà á, tó ń gbá a, tó ń fa eruku rẹ̀ símú, ni mo ń bẹ̀rù fún, pàápàá nítorí pé ibà náà máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ibà lásán.

Mo bẹ ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì tó wà ní Abẹ́òkúta pé kí wọ́n pe àwọn onímọ̀ ẹranko ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta níbí, kí wọ́n dẹ pàkúté láti ẹsẹ̀ àpáta dé orí rẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ eku wò, kí wọ́n sì fi orúkọ tí àwa Ẹ̀gbá ń pe eku kọ̀ọ̀kan kéde ohun tí wọ́n bá rí. Kí wọ́n bá àwọn aláfún kọ́ pèpéle gíga tí a fi àwọ̀n bò.

Aládùúgbò wa ti ń kó tirẹ̀ sínú báfù onídèérí kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn tó ń sá tiwọn ní òdìkejì àpáta kò tí ì gbọ́.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìtòkò, Abẹ́òkúta.