Àjọkẹ́, má tíì pa Faransé tì

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ìyá rẹ kí ọ, ara gbogbo wa le. Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ pé o fẹ́ fi Faransé sílẹ̀ kí o lè kọjú sí èdè Kòríà, torí pé ọjọ́ mẹ́ta péré lo fi mọ ìwé rẹ̀ kà. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Faransé níbí ní Ìmẹ̀kọ, bóyá o sì ti ń rò pé inú á bí mi. Kò bí mi. Mo ní kí àbúrò rẹ wá àwọn lẹ́tà náà jáde fún mi lórí fóònù, mo sì jókòó tì wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó mú bírò.

Òótọ́ lo sọ nípa ìwé náà. Ọba Sejong ti Kòríà ló ṣe é ní 1443, ó kéde rẹ̀ ní 1446, torí pé ìwé Ṣáínà tí wọ́n ń lò ti le jù fún mẹ̀kúnnù. Ẹni tí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ kò rí i kọ sílẹ̀. Lẹ́tà 24 ni wọ́n ń lò lónìí. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọ́n fi ẹnu èèyàn ṣe àwòṣe wọn. ㄴ, tí í ṣe "n", ni ahọ́n tó gbé orí sókè kan àjà ẹnu. ㅁ, tí í ṣe "m", ni ẹnu fúnra rẹ̀. Pe "ná" kí o fọkàn sí ahọ́n rẹ, wàá rí i. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ọmọdé ní á-bí-dí, n kò rí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà lo ṣì wà. "Adé ra bàtà" là ń wí. Faransé á ní "Adé achète des chaussures", ó tò ó bí tiwa gẹ́lẹ́. Kòríà á ní Adé, bàtà, rà. Bí ó bá sì jẹ́ "bàtà tí Adé rà" lo fẹ́ wí, "Adé rà" ni yóò ṣáájú, bàtà á wá tẹ̀ lé e. Gbólóhùn kúkurú kò ní dà ọ́ láàmú. Dúró de èyí tó gùn tó ìlà mẹ́ta, tí wàá ní láti kà dópin kí o tó mọ̀ bóyá wọ́n ní kí o wá ni àbí kí o má wá. Tún fetí sí "dal", òṣùpá. "Ttal", ọmọbìnrin tí èèyàn bí. Àti "tal", ìbòjú. Bákan náà ni àlejò ń gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí òyìnbó ṣe ń gbọ́ igba, igbá àti ìgbà.

Mo mọ ohun tó lé ọ kúrò nínú Faransé. Wọ́n á kọ "ils mangent" (wọ́n ń jẹun), wọ́n á sì pè é bí "il mange" (ó ń jẹun). Tábìlì jẹ́ obìnrin, ìwé jẹ́ ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ Kòríà kò ní wàhálà yẹn rárá. Síbẹ̀, ẹnu wa ti bá Faransé dé ìdajì ọ̀nà. "é" àti "è" wọn ni e àti ẹ tiwa. À ń fi imú pe fáwẹ̀lì bíi tiwọn, àfi pé "banc" àti "bon" máa ń dọ́gba lẹ́nu wa, torí an àti ọn kò yà síra lọ́dọ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́, "poison" sì ni májèlé, "poisson" ni ẹja. Ọdọọdún ni mo ń tún un wí ní kíláàsì. Nínú òǹkà, "quatre-vingts" ni ogún mẹ́rin, ọgọ́rin wa nìyẹn gan-an. Ibi àádọ́rùn-ún la ti pínyà: àwa yọ mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn fi mẹ́wàá lé ọgọ́rin.

Níbi àpọ́nlé, Kòríà ló sún mọ́ wa jù. Lóòótọ́ Faransé ní "vous", bí ẹ̀yin wa, ṣùgbọ́n ọmọ ibẹ̀ á máa pe bàbá rẹ̀ ní "tu", mi ò lè gbà á títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ní Kòríà, oúnjẹ tìrẹ ni "bap", ti àgbà ni "jinji", ọ̀rọ̀-ìṣe á sì yí padà pẹ̀lú rẹ̀. "Frère" Faransé, ọmọ ìyá ọkùnrin, kò sọ ẹni tó ṣáájú. Ní Kòríà, ìwọ á pe Káyọ̀dé ẹ̀gbọ́n rẹ ní "oppa", ká ní ọkùnrin sì ni ọ́, "hyeong" ni. Mo rí i pé èdè tó mọ ẹ̀gbọ́n lo yàn, inú mi dùn sí i.

Wàyí o, gbọ́ tèmi. Àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ní 1889 ló ya Kétu sọ́dọ̀ Faransé lọ́hùn-ún, ní ilẹ̀ Benin, tó ya Ìmẹ̀kọ síbí. Ìyá Kétu ń bá wa sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá wọn dé, Faransé ni gbogbo ìwé tí wọ́n kó fún wọn. Èmi ni mo kà á fún wọn, ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n sì di ọwọ́ mi mú títí mo fi kà á tán. Ojú mi ti ń ṣú báyìí. Nínú gbogbo ẹ̀yin ọmọ, ìwọ nìkan lo gbọ́ Faransé.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, parí rẹ̀. Lọ sí Abúlé Èdè Faransé ní Àgbádárìgì nígbà tó bá kan kíláàsì yín. Fi ìrọ̀lẹ́ ṣe Kòríà, kì í ṣe ní bòókẹ́lẹ́ o; bí o bá ti múra tán láti ṣe TOPIK, ìdánwò èdè Kòríà fún àlejò, èmi ni màá san owó rẹ̀.

Bí o bá ń bọ̀ ní Kérésìmesì, mú ìwé Kòríà rẹ wá ká jọ kà á. Mo ti dé orí ㄹ.

Èmi ni bàbá rẹ.