Ọmọ mi ò jẹ̀bi òdo tí wọ́n fún un

Olóòtú wa, ẹ kúuṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ìdánwò fìsíìsì tí ọmọ mi obìnrin tó wà ní SS1 gbé wálé ni mo fẹ́ sọ. Wọ́n bi wọ́n pé ẹni tó jókòó nínú bọ́ọ̀sì tó ń sáré, ṣé ó ń lọ ni àbí ó wà lójú kan. Ọmọ yẹn kọ ọ́ pé tó bá jẹ́ èrò tó jókòó tì í ló ń wò ó, kò kúrò lójú kan, àmọ́ lójú ìyá tó ń ta iṣu sísun lẹ́bàá títì, eré ló ń sá lọ yẹn. Bíró pupa ni tíṣà fi fà á, òdo, ó wá kọ "ó ń lọ" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó dùn mí dọ́kàn, torí òótọ́ lọmọ yẹn kọ.

Èmi máa ń wọ ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó dáadáa. Ẹ bá mi ju ẹ̀pà kan sókè nínú ọkọ̀ tó ń lọ geere, kó ga tó rúlà ọmọ iléèwé, ẹ máa rí i pé àtẹ́lẹwọ́ yín náà ló máa padà bọ́ sí, kò ní lọ bá àwọn tó wà lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ bá ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí, kí ẹ̀pà yẹn tó balẹ̀ ó ti bá ọkọ̀ rin nǹkan bíi mítà 8. Lójú yín, ó lọ sókè ó padà wálẹ̀, lójú ẹni tó wà ní títì ó fò tẹ̀ bí ọrun lọ síwájú ni, àwọn méjèèjì ò sì purọ́. Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì, ti sọ ọ́ láti 1632, ó ní téèyàn bá ti ara ẹ̀ mọ́ yàrá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ láìmì, kó máa wo labalábá tó ń fò àti omi tó ń kán tó, tó, kò sí èyí tó máa sọ fún un bóyá ọkọ̀ ń lọ àbí ó dúró.

Láìmì yẹn ló ṣe pàtàkì o. Tí dẹ́rẹ́bà bá já kọ́nà sọ́tùn-ún lójijì, gbogbo wa á wọ́ sósì, ẹlòmíì á ní wọ́n ti òun, kò sẹ́ni tó tì í, ara ẹ̀ ló fẹ́ máa lọ tààrà bọ́ọ̀sì ló yà kúrò. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn, ibẹ̀ ni mo rò pé tíṣà ì bá bá àwọn ọmọ dúró sí.

"Ó ń lọ" tí wọ́n kọ, ilẹ̀ ni wọ́n fi wò ó, wọn ò kàn sọ ọ́ ni. Ilẹ̀ ọ̀hún náà ń yí, àwa tá a jókòó jẹ́ẹ́ l'Ákùúrẹ́ yìí, ó ń gbé wa yípo ní bíi 1,650 kìlómítà ní wákàtí, ká má tíì sọ ti yíyí oòrùn ká, bíi 30 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

N ò bá tíṣà jà, kíláàsì wọn kún, iṣẹ́ pọ̀. Mo kàn ń bẹ gbogbo tíṣà fìsíìsì wa ni, tẹ́ ẹ bá ń ṣe ìbéèrè, ẹ kọ ẹni tó ń wò ó sí i. Torí ọmọ mi ti ní lọ́jọ́ mìíì ohun tí tíṣà fẹ́ lòun máa kọ, èyí ni ò jẹ́ kí n sùn.

Bàbá ọmọ SS1 kan,
Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́.