Ojú tó ṣàdédé ṣókùnkùn: ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kí ẹ tó lọ ṣe awò

Sí Olóòtú,

Mo ka èsì tí abala ìlera ìwé ìròyìn yín fún ìyá kan tó ní ojú òun kan ṣàdédé ń ṣe bàìbàì, níbi tí ẹ ti gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ pààrọ̀ awò rẹ̀. Ìmọ̀ràn náà kò burú fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún mélòó kan wá, ṣùgbọ́n fún ojú kan ṣoṣo tó yí padà láàárín òru ọjọ́ kan, ó kù díẹ̀ káàtó. Irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣòfò.

Àdìrẹ ni ẹ̀gbọ́n mi ń tà ní Ìtòkú, nílùú Abẹ́òkúta. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó tẹ́ aṣọ fún oníbàárà, ó rí i pé ìlàjì ìsàlẹ̀ iṣẹ́ ara aṣọ náà kò hàn dáadáa. Ó fọwọ́ bo ojú òsì, gbogbo rẹ̀ mọ́ kedere. Ó bo ti ọ̀tún, ó wá dà bí ẹni pé wọ́n ta aṣọ dúdú bo ìsàlẹ̀ ohun tó ń wò. Ojú náà kò dùn ún, kò pọ́n, kò sì ṣe ipin. Èyí gan-an ló tàn wá jẹ, nítorí pé ojú tí kò bá pọ́n tí kò sì ta èèyàn, a kì í kà á sí àìsàn lọ́dọ̀ wa. Ó ra oògùn tí wọ́n ń kán sójú ní kẹ́mísìtì, aládùúgbò kan ní kó wá omi ọmú ọlọ́mọ tuntun kán sí i, nígbà tó yá, ó lọ ṣe awò tuntun.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn ojú níkẹyìn, ohun tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ni nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ so mọ́ ọn lápá. Inú bí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Ojú ni mo ní ó ń ṣe mí, n ò sọ pé apá." Òǹkà tó jáde jẹ́ 190 lórí 110, bẹ́ẹ̀ láti 140 lórí 90 ni àwọn oníṣègùn ti ń kà á sí ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sì mọ̀ rí pé òun ní in. Dókítà kán oògùn tó ń la ọmọlójú sí i, ó ya àwòrán ẹ̀yìn ẹyinjú náà, ó sì fi hàn wá: lápá òkè, ẹ̀jẹ̀ ti ta káàkiri bí ìgbà tí epo pupa ta sí aṣọ funfun, ìsàlẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Mo béèrè bó ṣe jẹ́ pé òkè ló bàjẹ́ tó fi jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni kò ríran. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ńṣe ni àwòrán ohun tí à ń wò máa ń dorí kodò nínú ẹyinjú.

Bí ó ṣe yé mi sí ni pé awọ fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní retina ló tẹ́ ẹ̀yìn inú ẹyinjú, tí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín sì ń bọ́ ọ. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá àti èyí tó ń gbé e padà sọ́kàn a máa gba orí ara wọn kọjá. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti mú kí ti àkọ́kọ́ le bí okùn tó gbẹ, yóò tẹ èkejì mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò dì síbẹ̀, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì ní rọ́nà, yóò wá tú sára awọ náà. Bó bá jẹ́ iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá ló dí, ọ̀ràn náà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé rọpárọsẹ̀ ojú nìyẹn, láàárín wákàtí díẹ̀ ni awọ náà sì máa ń kú. Ara iṣan ńlá ọrùn tó ń bọ́ ọpọlọ ni iṣan ojú ti yà wá. Nítorí náà, ẹni tí ojú rẹ̀ kan ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan, tó sì tún là, kó má wulẹ̀ dúpẹ́ kó padà sídìí iṣẹ́; ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà, torí ẹ̀jẹ̀ dídì tó gba ojú kọjá lónìí lè há sínú ọpọlọ lọ́la.

Àtọ̀gbẹ ní tirẹ̀ a máa ba iṣan ojú jẹ́ láìjẹ́ kí aláìsàn fura, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé kí alátọ̀gbẹ máa lọ yẹ ojú wò lọ́dọọdún. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ti àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ SC, tí òun àti SS jẹ́ oríṣi àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde: wọ́n máa ń yangàn pé ìrora tàwọn kò tó ti àwọn SS, síbẹ̀ àwọn gan-an ni àìsàn náà máa ń ba ẹ̀yìn ojú wọn jẹ́ jù.

Láti ọdún 1851 ni Hermann von Helmholtz, ará Jámánì, ti kọ̀wé nípa ẹ̀rọ tó fi ń wo inú ojú, ibẹ̀ sì ni dókítà ti lè fojú rí iṣan ẹ̀jẹ̀ ààyè láìfi abẹ kan ara. Lọ́dún 1939, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà pín ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe sí ojú sí ìpele mẹ́rin, díẹ̀ péré nínú àwọn tó wà ní ìpele kẹrin ló sì lo ọdún mẹ́ta sí i láyé, nítorí pé kò tíì sí oògùn gidi nígbà náà. Oògùn ti wà báyìí. Síbẹ̀, èmi náà ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣooṣù, kò sì tíì sí ẹni tó bi mí léèrè ojú rí níbi tí mo ti ń gbà á. Apá ni wọ́n ń wọ̀n, wọn a fún mi ní káàdì mi, ó parí.

Ẹ̀gbọ́n mi ti gba abẹ́rẹ́ mẹ́rin sínú ojú náà, ó sì ń lo oògùn rẹ̀. Ó ti ń rí iṣẹ́ ara aṣọ padà, ṣùgbọ́n ojú yẹn kò lè bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tún èsì yẹn kọ ní abala kan náà, kí ìyá tó kọ̀wé sí yín lè rí i kó tó lọ san owó awò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, Abẹ́òkúta