Ìjàkadì Kì í Ṣe Ìdìmọ́ra

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá àyè fún lẹ́tà yìí, nítorí inú ti ń bí mi láti ọjọ́ Àìkú, oúnjẹ pàápàá kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi dáadáa. Ní ìdájí ọjọ́ náà, mo san 500 náírà ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ládùúgbò wa ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn, kí n lè wo ìjà Dricus du Plessis ará South Africa àti Khamzat Chimaev tí wọ́n jà ní Chicago ní oṣù August 2025. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo ìjà inú àgò tí wọ́n ń pè ní MMA mọ ìyà tó wà níbẹ̀. Aago mẹ́ta òru ni ojúlówó ètò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní tiwa, kí ó tó kan ìjà tó gbẹ̀yìn, ládàánì ti ń tún ohùn ṣe.

Chimaev kò jẹ́ kí ọkùnrin yẹn mí. Ìjà ò tíì pé ìṣẹ́jú kan tó fi kì í lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé e, ó sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀. Mo dìde, mo pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni mo pa á. Nígbà tí yóò fi di ráùǹdù kejì, àwọn ọ̀dọ́ tó kún ibẹ̀ ti ń pòṣé. Ọ̀kan ní wọ́n kàn dì mọ́ra wọn. Èkejì ní, "Ṣé ìjà nìyí, àbí wọ́n ń kí ara wọn kú àtijọ́?" Ẹni tó ni ilé ìwòran bá gbé rìmóòtù, ó yí i sí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti gbá lọ́jọ́ Sátidé, tí gbogbo wa ti mọ iye góòlù tó wọlé níbẹ̀. Mo ní kó dá owó mi padà. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti wo ráùǹdù méjì, owó yín ò ṣòfò." Orí fóònù ọmọ mi ni mo ti padà wo ìyókù, dátà tí èmi náà rà ni a sì fi wò ó.

Ìṣẹ́jú 25 ni wọ́n fi jà. Ó lé ní ìṣẹ́jú 21 nínú rẹ̀ tí Chimaev fi wà lórí du Plessis. Ẹ má gbàgbé pé du Plessis yìí kan náà ló fi apá ká orí Israel Adéṣànyà wa mọ́ra ní Perth ní oṣù August 2024, títí ọmọ wa fi fọwọ́ gbá a pé òun ti túúbá. Ẹni tó ṣe ọmọ wa báyẹn ni ẹlòmíràn wá tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní, ní ojú wa, àwa sì ní ká yí i sí bọ́ọ̀lù!

Ohun tó ń dùn mí nìyí: àwa tí a ni ìjàkadì, àwa gan-an la ò mọ̀ ọ́n wò mọ́.

Ọmọ Ọ̀fà ni mí. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, bí wọ́n ṣe ń kì wá nìyẹn, ẹni tí kò bá sì mọ ẹkẹ jà nígbà tí mo wà ní kékeré, ìlù ló máa ń bá wọn lù. Nínú òṣùpá, orí yanrìn tó wà níwájú agboolé wa ni gbogbo wa máa ń pé sí. A ò gbọdọ̀ lu ara wa lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Bí ẹ̀yìn rẹ bá ti kanlẹ̀, ó parí, kí o dìde kí ẹlòmíràn wọlé. Bàbá tó bí bàbá mi máa ń jókòó sórí àpótí, yóò máa pariwo pé, "Má wo ojú rẹ̀, ìbàdí rẹ̀ ni kí o wò! Ojú ń purọ́, ìbàdí kì í purọ́." Mo dàgbà tán kí n tó gbọ́ pé ohun kan náà ni àwọn olùkọ́ ìjàkadì òyìnbó ń kọ́ àwọn ọmọ tiwọn, owó ni wọ́n sì ń gbà lórí rẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ìdìmọ́ra ni, kí ó ní kí ọkùnrin oníkílò 84 sùn lé òun láyà fún ìṣẹ́jú kan péré. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò rí èémí mí sínú, bó ṣe ń gbìyànjú àtidìde ni agbára ń tán lára rẹ̀. Ẹni tó wà lókè náà kò sinmi. Bó bá gbé ìwúwo rẹ̀ sápá ọ̀tún jù, wọ́n á yí i dànù. Bó bá gbàgbé ọwọ́ rẹ̀ síbi tí kò yẹ, wọ́n á ká a títí ìgúnpá yóò fi fẹ́ já. Ayò ni, ara èèyàn ni wọ́n fi ń ta á. Ní 1993, ní Denver, tí UFC, ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò ìjà MMA, ṣe ìdíje àkọ́kọ́ rẹ̀, tí kò sí òfin ìwúwo, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti Brazil, Royce Gracie, tí kò ju bí ọgọ́rin kílò lọ, ló ṣẹ́gun ẹni mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ̀ṣẹ́ kọ́ ló fi ṣe é. Ará Japan kan, Mitsuyo Maeda, ló kọ́ ìdílé Gracie ní Belém. Àwọn ìyẹn gbà á, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sọ ọ́ di òwò káàkiri àgbáyé. Àwa tí ẹnikẹ́ni kò kọ́, tí a bí i mọ́, ibo la gbé tiwa sí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi nípa àwọn oníjà wa náà, níwọ̀n ìgbà tí mo ti dé ibí. Mo fẹ́ràn Adéṣànyà ju ẹnikẹ́ni lọ. Èkó ni wọ́n bí i sí, Rotorua ní New Zealand ló dàgbà sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń kọ̀wé lára èèyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tó gòkè lọ sí ìpele ìwúwo tó ju tirẹ̀ lọ láti bá Jan Błachowicz jà ní oṣù March 2021, ráùǹdù kẹrin àti ìkarùn-ún, ilẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, ilẹ̀ náà ni wọ́n ti gba ìjà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn oníjà bíi Strickland àti Imavov kò gbé e lulẹ̀ kí wọ́n tó borí rẹ̀, ẹ má kọ̀wé sí mi lórí ìyẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀tá ti mọ ibi tí ilé ti ń jò.

Kamaru Usman ńkọ́? Auchi ni wọ́n ti bí i, Texas ló ti kọ́ ìjàkadì nílé ìwé, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ àwọn yunifásítì ìpele kejì ní Amẹ́ríkà ní 2010. Ìjàkadì yẹn ló fi gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Tyron Woodley ní 2019. Ohun tí àwọn ará ilé ìwòran rántí nípa rẹ̀ ni ìpá tí Leon Edwards fi gbá a lórí ní August 2022, nígbà tí ìjà kò ku ìṣẹ́jú kan mọ́. Mo gbà, èmi náà sunkún. Àmọ́ ní oṣù June 2025, ní Atlanta, lẹ́ni ọdún 38, lẹ́yìn tó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta léra, ta ló borí Joaquin Buckley? Ẹ̀ṣẹ́ Buckley ló ń ba gbogbo ayé lẹ́rù, bàbá yìí kò sì dúró de ẹ̀ṣẹ́. Ó wọlé sí i lábẹ́, ó gbé e lulẹ̀, ó sì jókòó lé e. Wọ́n tún pòṣé nílé ìwòran lọ́jọ́ yẹn.

Kódà Francis Ngannou ará Cameroon, tí gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ ẹ̀ṣẹ́, nígbà tí orúnkún ń dùn ún ní January 2022, ilẹ̀ ló gbé Ciryl Gane sí kó tó lè dá bẹ́líìtì rẹ̀ dúró. Oumar Kane ará Senegal, tí wọ́n ń pè ní Reug Reug, inú yanrìn ìjàkadì ìbílẹ̀ wọn ló ti jáde, kò ti ilé ìdárayá olówó ńlá kankan wá. Ní November 2024, ní Bangkok, ó borí Anatoly Malykhin tí ẹnikẹ́ni kò tíì borí rí. Àwọn ará Dakar ní pápá ìjàkadì tó ń gba 20,000 èèyàn. Àwa, a yí i sí bọ́ọ̀lù.

Du Plessis sọ̀rọ̀ kan ní 2023 tó bí mi nínú, pé àwọn Usman àti Adéṣànyà kò gbé bẹ́líìtì wá sí Áfíríkà rí, òun ni yóò gbé e wá. Mo bú u dáadáa nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń dàgbà sí i, mo ń rí i pé Pretoria ni ọkùnrin yẹn ti kọ́ṣẹ́, ìdíje EFC tí South Africa dá sílẹ̀ ní 2009 ló sì sọ ọ́ di ènìyàn. Èwo nínú tiwa ló kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn? Sodiq Yusuff ọmọ Èkó, Maryland ní Amẹ́ríkà. Daniel Igali ọmọ Bayelsa, Canada ló gba wúrà fún ní Sydney ní 2000. Àwa la bí wọn, àwọn ẹlòmíràn ló wò wọ́n dàgbà.

Àwọn ìjòyè eré ìdárayá wa kò fẹ́ gbọ́ èyí. Bí ìdíje òkèèrè bá ti dé, wọ́n á wọ kóòtù, wọ́n á bá wọn wọ bàálù, wọ́n á ya fọ́tò. Blessing Oborududu gba fàdákà ní Tokyo ní 2021, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ nínú ìjàkadì Olympics. Ọdúnayọ̀ Adekuoroye wa gba wúrà Commonwealth ní 2014, ó gbà á ní 2018, ó tún gbà á ní 2022. Kí ni wọ́n fi èyí ṣe? Ní Olympics Paris ní 2024, Nàìjíríà kò gba bàbà kan ṣoṣo bọ̀ nínú eré ìdárayá kankan. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo gbé ìwé lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan pé kí wọ́n fi ìjàkadì kún eré ìdárayá àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọ̀gá tó gbà á lọ́wọ́ mi wò mí, ó ní, "Ṣé èyí tí wọ́n fi ń la àga mọ́ra wọn lórí nínú tẹlifíṣọ̀n ni?" Àgbàlagbà ni o, ọmọ Yorùbá ni. Ó ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo padà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìgbà tó yá, wọ́n ní kò sówó tí wọ́n máa fi ra máàtì.

Kò sówó máàtì! Ta ló bi wọ́n nípa máàtì? Yanrìn ni mò ń sọ. Típà yanrìn odò méjì fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi asẹ́ jọ̀ ọ́ kí àfọ́kù ìgò má bàa wà níbẹ̀, kí wọ́n tò táyà àtijọ́ yí i ká. Ìjàkadì orí yanrìn ti ní òfin tirẹ̀ lágbàáyé báyìí: òbìrípo tó fẹ̀ ní mítà 7, ìṣẹ́jú 3 péré. Kí wọ́n kó àwọn bàbá tó ṣì mọ ẹkẹ jọ, pẹ̀lú àwọn oníjàkadì ìpínlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì tí wọ́n ń gun ọ̀kadà kiri, kí wọ́n máa san nǹkan fún wọn lóṣooṣù. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, kí ọmọkùnrin jà, kí ọmọbìnrin jà, oníwúwo pẹ̀lú oníwúwo. Àgbò kan ni ẹ̀bùn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí àwọn tó borí ní ìjọba ìbílẹ̀ 33 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pàdé, kí rédíò sì gbé e sáfẹ́fẹ́ ní èdè wa, pẹ̀lú onílù tí yóò máa kì wọ́n bí wọ́n ṣe ń jà. Owó tí wọ́n ń ná lórí pátákó tí wọ́n ya àwòrán ara wọn sí lójú ọ̀nà tó o, yóò sì ṣẹ́kù. Ọ̀fà ṣì ń fi ìjàkadì ṣọdún, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kò lè tọ́ ẹlẹ́kẹ. Ọmọ tí yanrìn bá ti kún ẹnu rẹ̀ rí kò ní pe ìjàkadì ní ìdìmọ́ra.

Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré ìdárayá náà, kí wọ́n kọ́ orúkọ ohun tí wọ́n ń wò. Kí ìjọba san owó ìtọ́jú ẹni tó bá farapa. Ẹ̀yin òbí tí ẹ máa ń ní ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni, ẹ lọ wo ilé Ngannou.

Ní ti ilé ìwòran Mọ́kọ́lá, ráùǹdù márùn-ún ni mo sanwó fún. Méjì ni mo wò. Ó ṣì jẹ mí ní mẹ́ta.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ọlálọmí kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.