Àwọn ọkùnrin tí ò wáṣẹ́ mọ́ ńkọ́?

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ dé ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ní Lágéré n'Ífẹ̀ níbí láago mẹ́wàá àárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ ó bá àwọn ọkùnrin tó jókòó pa, baba ọmọ ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn míì ní sàtífíkéètì, wọ́n ti wáṣẹ́ títí ó fi sú wọn. Ó ń dùn mí gan-an. Ìjọba ní ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, 4.1% péré ni ò níṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń wáṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń kà síbẹ̀, ẹni tó bá sì ti ṣe wákàtí kan lọ́sẹ̀, òṣìṣẹ́ nìyẹn! Ní Amẹ́ríkà, nínú 100 ọkùnrin ọdún 25 sí 54, bíi 11 ni ò ṣiṣẹ́ tí ò sì wá a, wọ́n sì ń pariwo ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán oníròyìn yín wá bá tiwa sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ifẹ̀ kan, Mọ̀rẹ̀, Ilé-Ifẹ̀