Máìlì Kékeré Kò Ní Kí Ọkọ̀ Má Ti Ṣiṣẹ́

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Àpilẹ̀kọ yín lórí àwọn Land Rover àtijọ́ tí panápaná àti àwọn òṣìṣẹ́ iná mànàmáná ilẹ̀ Bìrìtéènì lò dára púpọ̀. Àmọ́ ibì kan wà níbẹ̀ tó lè kó ẹni tó fẹ́ ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sí gbèsè: ibi tí ẹ ti ní èyí tí mítà rẹ̀ kò tíì ka 20,000 máìlì kò yàtọ̀ sí tuntun. Ó yàtọ̀ gan-an ni.

Láti ọdún 1948 tí ilé-iṣẹ́ Rover ti kọ́kọ́ pàtẹ ọkọ̀ yìí ní Amsterdam ni wọ́n ti ṣe é kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ mìíràn yàtọ̀ sí kó máa gbé èèyàn rìn. Ara gíábọ́ọ̀sì ni wọ́n ń so PTO mọ́, òun ló sì ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì fún páńpù omi, jẹnẹrétọ̀ tàbí wíǹṣì tó ń fi okùn wáyà fa ẹrù. Ọkọ̀ á dúró sójú kan, ẹ́ńjìnnì á máa bú ramúramù. Ọ̀pá tó ń yí táyà ni mítà ń kà. Bí táyà ò bá yí, mítà ò ní mira. Ọkọ̀ tó fi wákàtí mẹ́fà fa omi kò ní fi máìlì kan ṣoṣo kún tirẹ̀. Atẹ́gùn ìrìn tó yẹ kó máa fẹ́ sí ẹ́ńjìnnì ò tún sí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ohun tó ń mú ọ́ìlì tutù sára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ní PTO tí kò ní ìyẹn, kí ẹni tó fẹ́ rà á yẹ pírẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná dáadáa. Ní tútù, gbogbo wọn ló máa ń dára.

Ti panápaná ló ń tan èèyàn jù. Lítà omi kan, kílò kan ni. Èyí tó bá gbé 400 lítà ti ru 400 kílò ká tó ka páńpù àti èèyàn, tọ̀sán-tòru sì ni ẹrù náà wà lẹ́yìn rẹ̀, yálà ó jáde tàbí kò jáde. Sípíríìn á tẹ́. Ẹ jẹ́ kó dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín táyà dé etí bọ́dì, lọ́tùn-ún àti lósì. Wọ́n tún máa ń tẹ ẹ́ńjìnnì wọn mọ́lẹ̀ ní tútù, wọ́n á sì pa á kó tó gbóná tán. Omi àti epo á wá wọnú ọ́ìlì. Bí ìfófòó funfun bá wà lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà, ẹ wà á títí yóò fi gbóná, kí ẹ tún pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá padà yọ tí omi rédíétọ̀ sì ń dín, kí ẹ fura sí gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti orí rẹ̀.

Ojú táyà lè ṣì jinlẹ̀, kí rọ́bà rẹ̀ ti gbó. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà ni kí ẹ kà: 2309 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2009. Bó bá jẹ́ mẹ́ta péré, ó ti wà ṣáájú ọdún 2000.

Ti àwọn oníná mànàmáná tó ní pèpéle tó ń gbé èèyàn sókè, ṣáásì, ìyẹn egungun irin tó gbé ọkọ̀ ró, ni iṣẹ́ wà. Gbogbo ìgbà tí pèpéle bá yí sí ẹ̀gbẹ́ kan ni ẹrù ń fà á síbẹ̀, ìdí irin tí wọ́n fi jó o mọ́ ṣáásì ló sì ń kọ́kọ́ sán. Ẹ ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò, ẹ tan iná sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi hámà gbá ṣáásì láti iwájú dé ẹ̀yìn: irin tó le á dún gbanran, èyí tó ti jẹrà á dún bọ̀ọ̀. Ẹ má wo bọ́dì tó ń dán. Irin wọ́n lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni wọ́n ṣe fi álúmíníọ̀mù ṣe bọ́dì, kì í sì í dógùn-ún bí irin. Ibi tó ti kan irin ló ti ń di ìyẹ̀fun funfun bí omi bá dúró síbẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti tú páńpù àti PTO dànù kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Àwọn ni ẹ̀rí iṣẹ́ tó ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ dán páńpù wò, kó kọ́kọ́ fọwọ́ yí i bóyá ó há, kó rọ omi kún inú rẹ̀, kó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kó tó ki PTO bọ gíá. Páńpù tó bá yí lófìfo, kò ní pẹ́ tí rọ́bà tó dí omi mọ́ inú rẹ̀ á fi jó.

Òǹkàwé yín tòótọ́.