Ẹ̀sùn lórí power supply 30 amp tí ẹ tà fún mi

Parákin,
Ilé-Ifẹ̀,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ra power supply kan, ẹ̀rọ tó ń sọ iná ògiri di irú èyí tí rédíò ń jẹ, ní ṣọ́ọ̀bù yín lóṣù tó kọjá ní ₦145,000, èyí tí wọ́n kọ 30 amp, ìyẹn bí iná tó lè tú jáde ṣe pọ̀ tó, gàdàgbà-gàdàgbà sí níwájú. Ẹ̀dà rìsíìtì wà nínú àpòòwé yìí.

Kí n tó yọwó lápò ni mo ti ṣàlàyé fún ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn. Mo ní ham radio tó wà nílé mi, rédíò tí mo fi ń bá àwọn ará òkèèrè sọ̀rọ̀, ni mo fẹ́ kó máa gbé, oní-100 watt, 13.8 volt ló ń jẹ, bí mo bá sì tẹ máìkì, ó lè fa amp 20 sí 23. Mo bi í bóyá oní-tiransifọ́mà ńlá tó máa ń wúwo ni, tàbí switching, èyí tó fúyẹ́, tó ń tan iná tó sì ń pa á kíákíá nínú, tó sì lè da ariwo sínú rédíò bí wọn kò bá ṣe é dáadáa. Ó ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, ó fi ìka méjì gbé e sókè: "Ẹ wò ó, bàbá, kò wúwo rárá." Ó yẹ kí ojú mi ti là níbẹ̀, torí ẹni tó bá ti gbé oní-tiransifọ́mà rí mọ̀ pé kì í ṣe ẹrù ìka méjì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo yí rédíò sí ìkànnì 7 MHz, níbi tí mo ti máa ń gbọ́ àwọn ará òkèèrè bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ariwo ṣàà bí ẹni ń din àkàrà ni mo bá pàdé. Mo pè yín, ẹ ní iná NEPA ló fà á. Ó dáa. Mo tú bátìrì mọ́tò mi, mo gbé e gòkè, mo so rédíò mọ́ ọn. Iná NEPA wà, fáànù ń yí lókè orí mi, síbẹ̀ kẹ́kẹ́ pa. Mo wá ki power supply yín bọ ògiri, n kò so nǹkankan mọ́ ọn o. Àkàrà tún bẹ̀rẹ̀ sí í dín.

Mo mọ̀ pé switching tí wọ́n ṣe dáadáa wà, àwọn ẹgbẹ́ mi ń lò ó. Eléyìí kò sí lára wọn.

Ti 30 amp yẹn ńkọ́? Ìwé pélébé inú páálí ló tú àṣírí: 30 jẹ́ ti ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, 20 ló lè gbé lọ títí. Mo fi mítà sí ẹ̀yìn rédíò, mo sọ̀rọ̀, 13.8 já wá sí 11.4, rédíò sì kú mọ́ mi lẹ́nu. Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ á ti rò pé wọ́n mú iná lọ ní Nàìjíríà.

Ẹ kọ ọ́ sí rìsíìtì pé ọjà tí ẹ bá tà, ẹ kì í gbà á padà. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 sọ pé bí mo bá ti sọ ohun tí mo fẹ́ fi ọjà ṣe fún yín, tí kò sì lè ṣe é, mo lè dá a padà. N kò tú u, sílì yín ṣì wà lára rẹ̀.

Ẹ fún mi ní oní-tiransifọ́mà tó lè gbé 25 amp láìsinmi, mo ṣe tán láti fowó kún un. Bí kò bá sí, ẹ dá owó mi padà láàárín ọjọ́ 14. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni ẹ̀dà lẹ́tà yìí ń lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ rán ẹni wá gbé e, kó wá lẹ́yìn agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín.